Louis Agassiz, Ọkùnrin Tó Mọ Iṣẹ́ Yìnyín

Àlejò kì í jọ onílé. Lórí òkè Jura ní Switzerland, àwọn òkúta ńláńlá kan wà tí wọn ò jọ òkúta ibẹ̀. Ní 1837, Louis Agassiz, ọmọ ilẹ̀ náà tí wọ́n bí ní 1807, sọ fáwọn onímọ̀ pé yìnyín ti bo gbogbo ibẹ̀ rí. Yìnyín yẹn ha àpáta, ó gbẹ́ àfonífojì. Nígbà tó yọ́, ó da ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Agassiz ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ní 1846. Ibẹ̀ ló ti ń kọ́ni pé ọ̀tọ̀ ni orírun aláwọ̀ dúdú. Irọ́ ni! Ó kú ní 1873. Òkúta yìnyín láti ilé ni wọ́n gbé sórí sàréè rẹ̀. Ohun tó sọ nípa yìnyín la mú. Èyí tó sọ nípa wa, a dà á nù.