James Hemings: Alásè tí ó Fi Iṣẹ́ Ọwọ́ Gba Òmìnira

Láti Lẹ́kkí títí dé Ajah, bí òpin ọ̀sẹ̀ bá dé, tọmọdé tàgbà a máa jókòó ti makaróní tí a fi wàràkàṣì sè, ànàmọ́ òyìnbó díndín àti áísìkíríìmù. Oúnjẹ òyìnbó ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n. Díẹ̀ ni àwọn tí ó mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn dúdú wà nínú bí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ṣe fìdí múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ọwọ́ náà ni ti James Hemings.

Ọdún 1765 ni a bí i ní Virginia. Elizabeth Hemings ni ìyá rẹ̀, ìtàn ìdílé wọn sì fi yé ni pé ọmọ ilẹ̀ Adúláwọ̀ ni ìyá ìyá rẹ̀. Òyìnbó olówó ẹrú kan, John Wayles, ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí Wayles kú ní 1773, ogún rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin, aya Thomas Jefferson. Báyìí ni James pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ṣe di ẹrú ní Monticello, oko Jefferson. Ọbàkan ìyàwó ilé ni James, síbẹ̀ ẹrú ni ó jẹ́ nínú ilé náà.

Ní 1784, Jefferson lọ ṣe aṣojú Amẹ́ríkà ní Paris. Ó mú James, ẹni ọdún 19, lọ́wọ́ kí ó lè kọ́ iṣẹ́ alásè àwọn Faransé. Ọ̀dọ̀ agbáṣẹ́-oúnjẹ-ṣe kan ni ó ti kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́, kí ó tó lọ kọ́ iṣẹ́ ìpápánu dídùn lọ́dọ̀ alásè ọmọ ọba Condé. Ní 1787, ó di olórí ilé ìdáná Jefferson, owó oṣù rẹ̀ sì jẹ́ livre 24. Nínú owó náà ni ó ti ń san owó olùkọ́ tí ó ń kọ́ ọ ní èdè Faransé. Ẹrú tí ó bá wà nílẹ̀ Faransé nígbà náà lè tọ ilé ẹjọ́ lọ láti bèèrè òmìnira, ṣùgbọ́n James àti Sally àbúrò rẹ̀ bá Jefferson padà sílé ní 1789.

Òun ni alásè ilé Jefferson ní New York nígbà tí Jefferson gba Hamilton àti Madison lálejò ní oṣù kẹfà ọdún 1790. Ìdí oúnjẹ alẹ́ yẹn ni àdéhùn ti wáyé pé kí ìjọba àpapọ̀ gba gbèsè àwọn ìpínlẹ̀ sọ́rùn, kí olú-ìlú Amẹ́ríkà sì wà lẹ́bàá odò Potomac.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 1793, Jefferson fọwọ́ sí ìwé pé òun yóò dá James sílẹ̀ bí ó bá lè kọ́ ẹlòmíràn ní iṣẹ́ náà ní Monticello. Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá, ìwọ̀fà lè fi ẹbí rẹ̀ dípò ara rẹ̀ lọ́dọ̀ olówó. Ṣùgbọ́n ìwọ̀fà mọ iye tí a yá lé òun lórí; James kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Peter, àbúrò rẹ̀, ni ó kọ́. Òmìnira ẹ̀gbọ́n wá di ohun tí ó so àbúrò mọ́ ìdí ààrò. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1796, a dá James sílẹ̀. Kí ó tó lọ, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àkọsílẹ̀ gbogbo ìkòkò àti ohun èlò ilé ìdáná náà. Ìwé náà wà títí di òní. Dọ́là 30 ni a fún un fún ìrìn-àjò. Ní Ajah àti káàkiri Èkó, ọmọ iṣẹ́ tí ó bá ṣe fúrídọ̀ọ̀mù a máa gba àdúrà ọ̀gá rẹ̀ níwájú ẹbí àti ará. James dá lọ ni.

Nígbà tí Jefferson di ààrẹ ní 1801, ó rán ènìyàn sí James pé kí ó wá ṣe alásè òun. James dáhùn pé kí Jefferson fúnra rẹ̀ kọ ìwé sí òun, kí ó sọ iṣẹ́ àti owó rẹ̀. Ìwé náà kò dé, ọmọ Faransé kan ni ó sì gba iṣẹ́ náà. James ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ní Monticello lọ́dún náà, ó padà sí Baltimore, ibẹ̀ ni ó sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Ẹni ọdún 36 ni.

James kọ́ ni ó dá makaróní tàbí áísìkíríìmù sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn tí ó gbé ọgbọ́n ìdáná Faransé wọ ilé ìdáná Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ-ọmọ Jefferson fi orúkọ rẹ̀ pa ìlànà oúnjẹ kan tí a fi ẹyin àti wàrà sè mọ́. Ní 1824, Mary Randolph, ìbátan Jefferson, tẹ ìwé ìdáná kan jáde. Makaróní oníwàràkàṣì wà nínú rẹ̀; ilá, tí ó ti ilẹ̀ Adúláwọ̀ lọ, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ẹrú tí ń dáná nílé irú àwọn olówó bẹ́ẹ̀ kò ní orúkọ nínú ìwé.

Yorùbá kì í kọjá lára ẹni tí ó wà nídìí ààrò láì kí i kú ìdáná. Ìkíni náà kò gba owó, kò sì gba agbára, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ènìyàn ni alásè, kì í ṣe ohun èlò. Ìwọ̀nba iyì bẹ́ẹ̀ ni James Hemings bèèrè ní 1801 nígbà tí ó ní kí ọ̀gá kọ ìwé sí òun, tí a kò sì fún un.