Henri Desgrange àti Ìwé Ìròyìn Aláwọ̀ Ìyeyè

Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 1865 ni a bí Henri Desgrange ní Párìsì, olú-ìlú ilẹ̀ Faransé. Ìbejì ni, Georges ni orúkọ èkejì rẹ̀. Nígbà tí ó dàgbà, ó di akọ̀wé ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò. Iṣẹ́ tí ó ní ọ̀wọ̀ ni, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni ó gbà á lọ́kàn. Láyé ìgbà náà, àwọn àgbàlagbà kà á sí ìwà àìnítìjú kí ọmọlúwàbí wọ ṣòkòtò péńpé, kí ó sì máa gun kẹ̀kẹ́ káàkiri ìgboro pẹ̀lú ojúgun lásán. Wọ́n ní oníbàárà kan rí akọ̀wé yìí bẹ́ẹ̀, ó sì fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. A sọ fún Desgrange pé kí ó yan ọ̀kan nínú méjì, kẹ̀kẹ́ tàbí iṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ ni ó yàn.

Kò kábàámọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 1893, ó gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí kan gbáko lórí pápá Buffalo ní Párìsì, ó sì rin kìlómítà 35 àti mítà 325. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí a kọ irú àmì ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ẹlòmíràn borí rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ti kàn ná. Nígbà tí ó di ọdún 1897, òun ni alákòóso pápá eré kẹ̀kẹ́ tí à ń pè ní Parc des Princes.

Ìwé ìròyìn eré ìdárayá tí ó lókìkí jù lọ ní ilẹ̀ Faransé nígbà náà ni Le Vélo. Orí ìwé aláwọ̀ ewé ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí lójoojúmọ́, Pierre Giffard sì ni olóòtú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan ń da ilẹ̀ náà rú. Ní ọdún 1894, wọ́n dá ọ̀gá ológun kan, Alfred Dreyfus, tí í ṣe Júù, lẹ́bi pé ó ta àṣírí ìlú fún àwọn ará Jámánì. Irọ́ ni ẹ̀sùn náà, ṣùgbọ́n ọdún 1906 ni wọ́n tó dá a láre pátápátá. Láàrín ìgbà yẹn, ọ̀rẹ́ dọ̀tá, ìdílé pín sí méjì. Giffard gbè sẹ́yìn Dreyfus. Ọlọ́rọ̀ kan tí ó ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, Jules-Albert de Dion, wà ní apá kejì. Nígbà tí wọ́n kọlu Ààrẹ ilẹ̀ Faransé ní pápá eré ẹṣin Auteuil ní ọdún 1899, de Dion wà nínú ìrúkèrúdò náà, ó sì fi ẹ̀wọ̀n ọjọ́ 15 jura. Giffard kọ̀wé bá a wí. Ìjà ló dé ni orin fi dòwe: de Dion kó ìpolówó ọjà rẹ̀ kúrò nínú Le Vélo, òun àti àwọn oníṣòwò bí Michelin, tí ń ṣe táyà, sì dáwó láti dá ìwé ìròyìn tiwọn sílẹ̀. Desgrange ni wọ́n fi ṣe olóòtú. Mo máa ń rò ó pé kò wọ́pọ̀ kí ìwé ìròyìn eré ìdárayá ti orí ẹjọ́ jagunjagun ṣẹ̀.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1900 ni L'Auto-Vélo kọ́kọ́ jáde. Kí ó má baà jọ ti Giffard, orí ìwé aláwọ̀ ìyeyè ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí. Giffard pe ẹjọ́ lórí orúkọ náà, ó sì jàre. Láti oṣù kìíní ọdún 1903 ni ó ti di L'Auto lásán, èyí tí ó túmọ̀ sí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni eré kẹ̀kẹ́ ni àwọn òǹkàwé fẹ́ gbọ́. Ọjà kò tà. Nǹkan bí ẹ̀dà 25,000 ni wọ́n ń tà lóòjọ́, àwọn tí ó dáwó sì ti ń ráhùn.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tí Desgrange pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 1902 pé kí wọ́n wá ọ̀nà àbáyọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Géo Lefèvre ni ó dá a lábàá pé kí wọ́n ṣe eré kẹ̀kẹ́ yí gbogbo ilẹ̀ Faransé ká. Ẹ̀rù ba Desgrange. Ó fi ọ̀rọ̀ náà lọ akápò wọn, Victor Goddet, ó sì rò pé yóò kọ̀. Akápò gbà.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ kò tó nǹkan. Wọ́n dín owó ìwọlé kù láti 20 fránkì sí 10, wọ́n sì ṣèlérí owó oúnjẹ, kí 60 ènìyàn tó dúró ní ìlà ní Montgeron, lẹ́bàá Párìsì, ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1903. Desgrange fúnra rẹ̀ kò bá wọn lọ. Bóyá ó ń bẹ̀rù ẹ̀tẹ́. Lefèvre ni ó ń fi ọkọ̀ ojú irin àti kẹ̀kẹ́ lé wọn kiri. Ọ̀nà náà jẹ́ kìlómítà 2,428, wọ́n pín in sí mẹ́fà, wọ́n sì ń gun kẹ̀kẹ́ mọ́jú. Àwọn 21 ni ó parí rẹ̀. Maurice Garin, tí ó ti máa ń nu ihò èéfín ilé rí, ni ó borí. L'Auto bẹ̀rẹ̀ sí ta nǹkan bí 65,000 lóòjọ́, Le Vélo sì kú ní ọdún 1904. Giffard wá ń kọ̀wé fún ìwé ìròyìn tí ó pa tirẹ̀.

Ní ọdún 1904 kan náà, eré náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́. Àwọn ènìyàn da ìṣó sójú ọ̀nà, wọ́n lu àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìlú wọn, àwọn eléré mìíràn sì ń rẹ́ni jẹ. Wọ́n gba ipò lọ́wọ́ àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́, Garin náà wà lára wọn, ọmọ ọdún 19 kan, Henri Cornet, sì di olúborí. Desgrange kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn rẹ̀ pé eré náà ti parí láéláé. Ní ọdún kejì, ó tún ṣe é.

Ọkùnrin líle ni. Ó fẹ́ kí eré náà nira tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnì kan ṣoṣo yóò fi lè parí rẹ̀. Òfin rẹ̀ ni pé ẹni tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá bàjẹ́ ni yóò tún un ṣe, láìsí olùrànlọ́wọ́. Ní ọdún 1913, nígbà tí ó ṣeé ṣe kí Eugène Christophe borí, irin tí ó di táyà iwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú ṣẹ́ lórí òkè Tourmalet. Ó gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká, ó fi ẹsẹ̀ rìn ju kìlómítà mẹ́wàá lọ títí ó fi dé ilé alágbẹ̀dẹ kan. Ó lo ju wákàtí mẹ́ta lọ níbẹ̀, tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ irin náà, àwọn adájọ́ eré sì dúró tì í, wọ́n ń wò ó. Nítorí pé ọmọdékùnrin kan bá a fín ẹwìrì, wọ́n fi ìṣẹ́jú kún àkókò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyà. Òfin ni òfin, ṣùgbọ́n n kò lè gbóríyìn fún irú èyí.

Síbẹ̀, ohun tí ó ní kí àwọn ẹlòmíràn fara dà, òun náà kò sá fún un. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ní ọdún 1917, ẹni ọdún 52 ni nígbà tí ó wọ iṣẹ́ ológun, ó sì ń kọ̀wé ránṣẹ́ sí L'Auto láti ojú ogun.

Ogun parí. Ní oṣù keje ọdún 1919, wọ́n dá a lábàá pé kí aṣíwájú eré náà máa wọ ẹ̀wù tí ojú yóò tètè rí. Àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ ìwé ìròyìn wọn, ni wọ́n lò. Christophe ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó wọ̀ ọ́. Nígbà tí eré náà kù díẹ̀ kí ó parí, irin kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tún ṣẹ́, ipò àkọ́kọ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe àwọn òǹkàwé L'Auto, wọ́n sì dáwó jọ fún un.

Kì í ṣe gbogbo eléré ni ó ní sùúrù Christophe. Henri Pélissier, tí ó borí ní ọdún 1923, fi ìbínú kúrò nínú eré ní ọdún 1924 nítorí òfin tí kò jẹ́ kí eléré bọ́ ẹ̀wù sọnù lójú ọ̀nà, akọ̀ròyìn Albert Londres sì gbé ìyà àwọn eléré jáde nínú ìwé ìròyìn mìíràn. Ọjà L'Auto kò torí èyí wọ́. Nígbà eré ti ọdún 1933, ó ta tó ẹ̀dà 854,000 ní ọjọ́ kan.

Ní ọdún 1936, ara Desgrange kò yá. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, síbẹ̀ ó fi dandan tẹ̀ lé eré náà nínú ọkọ̀. Ọjọ́ kejì ni ìrora borí rẹ̀, ó sì fi iṣẹ́ lé Jacques Goddet, ọmọ akápò ọjọ́un, lọ́wọ́. Ó kú ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 1940, nígbà tí àwọn ará Jámánì ti gba Párìsì. L'Auto ń jáde lábẹ́ wọn, nítorí náà ni ìjọba ṣe tì í pa nígbà tí ilẹ̀ Faransé gba òmìnira padà ní ọdún 1944.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1946, Goddet gbé ìwé ìròyìn tuntun jáde, L'Équipe. Eré kẹ̀kẹ́ yíká ilẹ̀ Faransé padà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1947, wọ́n sì gbé òkúta ìrántí Desgrange kalẹ̀ sórí òkè Galibier ní ọdún 1949. Orí ìwé funfun ni wọ́n tẹ L'Équipe sí, nítorí pé àwọ̀ ìyeyè ń rán àwọn ènìyàn létí L'Auto jù. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó yí àwọ̀ ẹ̀wù aṣíwájú padà; ìyeyè ni títí di òní.