Rudolf Virchow, dókítà tí wọ́n rán lọ wo ibà, tó sì padà wá di ẹrù ẹ̀bi ru ìjọba

Nínú òtútù oṣù kejì ọdún 1848, ìjọba Prọ́ṣíà, èyí tó ń ṣàkóso apá ńlá nínú ilẹ̀ tí à ń pè ní Jámánì lónìí, rán dókítà ọmọ ọdún 26 kan lọ sí Sílésíà Òkè, ní ìkángun ilẹ̀ wọn. Ibà kan ń pa àwọn ará abúlé ibẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Àwọn ìwé ìròyìn ti ń pariwo, ojú sì ti ń ti ìjọba. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí ẹnì kan lọ wo ọ̀rọ̀ náà, kó kọ ìwé díẹ̀ wá, kí ariwo lè rọlẹ̀. Rudolf Virchow ni orúkọ dókítà náà. Ìwé tó kọ kò jẹ́ kí ariwo kankan rọlẹ̀.

Kì í ṣe ọmọ olówó. Ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 1821 ni wọ́n bí i ní Schivelbein, ìlú kékeré kan tó ti bọ́ sínú ilẹ̀ Pólándì báyìí. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn dókítà ológun ní Berlin ló gbà á láìgba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì parí ẹ̀kọ́ ní 1843. Ilé ìwòsàn Charité ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, níbi tó ti ń la òkú láti mọ ohun tó pa wọ́n.

Nígbà tó dé Sílésíà, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń ti abúlé bọ́ sí abúlé. Tífúùsì ni àìsàn náà. Ẹ má ṣe pè é ní tífọ́ìdì tí a mọ̀ lọ́dọ̀ wa o, ọ̀tọ̀ ni. Ara á gbóná, orí á máa fọ́, nǹkan pupa á sú sí aláìsàn lára, á sì máa sọ ìsọkúsọ. Ṣùgbọ́n Virchow kò tẹjú mọ́ ara aláìsàn nìkan. Ó wo ilé: yàrá kan ṣoṣo, ìdílé kan odindi nínú rẹ̀, ẹran ọ̀sìn pẹ̀lú wọn. Ó wo ìkòkò: ànàmọ́ òyìnbó tí wọ́n gbójú lé ti bàjẹ́ lóko, ìyàn sì ti mú. Ó wo onílẹ̀: àwọn ọ̀tọ̀kùlú tó ni ilẹ̀ ń náwó oko náà níbòmíràn. Èdè Pólándì ni àwọn ará ibẹ̀ ń sọ, èdè Jámánì sì ni ìjọba fi ń bá wọn sọ̀rọ̀, òun náà ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ wọn. Bí ìwé àṣẹ bá dé, àwọn tí wọ́n kọ ọ́ fún kò lè kà á. (Ẹni tó bá ti mú ìwé egbòogi tí wọ́n kọ ní èdè Faransé lọ sílé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà á mọ ohun tí mò ń wí.)

Nínú ìwé tó kọ fún ìjọba, egbòogi kò gba àyè púpọ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ènìyàn náà máa ṣàkóso ara wọn, kí wọ́n fi èdè wọn kọ́ wọn, tọkùnrin tobìnrin. Kí wọ́n ṣe ọ̀nà, kí wọ́n tún iṣẹ́ oko ṣe, kí wọ́n dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀. Kí wọ́n gbé owó orí kúrò lọ́rùn tálákà, kí wọ́n gbé e ka olówó lọ́rùn. Fún un, ebi, àìmọ̀wé àti àìní ẹ̀tọ́ ló pa àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn, ìjọba ló sì fi wọ́n sílẹ̀ sínú rẹ̀.

Kò mọ̀ pé iná ara, kòkòrò tí í sá pamọ́ sínú aṣọ, ló ń gbé tífúùsì kiri. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nígbà náà. Ọdún 1909 ni Charles Nicolle tó fi hàn ní Tunis, nílẹ̀ Áfíríkà wa níhìn-ín. Síbẹ̀, ẹ wò ó: ta ni iná ara máa ń bò? Ẹni tó ní aṣọ kan ṣoṣo, tí kò lè bọ́ ọ fọ̀ nínú òtútù, tó sì ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ènìyàn mẹ́wàá. Virchow kò mọ kòkòrò náà, ṣùgbọ́n ó mọ ilé tó ń gbé.

Kò tíì pẹ́ tó padà dé Berlin tí ìlú dàrú. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn, àwọn ènìyàn dìde sí ọba, òun náà sì bá wọn dí ojú pópó. Ó dá ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ lórí àtúnṣe ìṣègùn, níbi tó ti ń sọ pé agbẹjọ́rò tálákà ni ó yẹ kí dókítà jẹ́. Ọdún kan péré ni ìwé náà lò. Ìjọba fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Charité, ló bá kó lọ sí Würzburg ní 1849 láti máa kọ́ni níbẹ̀. Ìmọ̀ rẹ̀ ló mú kí wọ́n tún pè é padà sí Berlin ní 1856. Ní 1858 ló gbé ìwé rẹ̀ jáde tó fi ṣàlàyé pé inú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara wa, ni àìsàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníṣègùn gbogbo ayé ń lo ẹ̀kọ́ yìí dòní.

Ẹlòmíràn ìbá jókòó ti òkìkí yẹn. Virchow wọ ìgbìmọ̀ ìlú Berlin ní 1859, kò sì kúrò níbẹ̀ títí ó fi kú. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ń fa ènìyàn wọ ìlú náà lójoojúmọ́, ìdọ̀tí sì ń ṣàn nínú gọ́tà ẹ̀bá ọ̀nà lọ sínú odò. Àwọn kan ní páìpù abẹ́ ilẹ̀ ti wọ́n jù. Virchow ló ṣáájú ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà, tó sì fọwọ́ sí ètò James Hobrecht, ẹnjiníà ìlú. Láti 1873 ni wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n ń fa omi ẹlẹ́gbin lọ sí oko tí ìlú rà lẹ́yìn odi. Ó jà fún ilé ìwòsàn tí ìlú fúnra rẹ̀ ní, ó sì jà kí wọ́n máa yẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wò kí wọ́n tó tà á, nítorí aràn tó ń ti inú rẹ̀ wọ ara ènìyàn. Nílé aṣòfin, ó fojú ko Bismarck débi pé ní 1865 ìyẹn pè é sí ìjà ohun ìjà olójúkojú. Virchow kọ̀, kò lọ.

Òun náà ṣi ẹsẹ̀ gbé. Nígbà tí Semmelweis ń sọ pé kí dókítà fọ ọwọ́ kó tó gbẹ̀bí, Virchow kò gbà á gbọ́. Ó sì pẹ́ kó tó gba ẹ̀kọ́ kòkòrò àìfojúrí. Ó kó agbárí òkú jọ rẹpẹtẹ, títí kan ti àwọn ènìyàn láti ilẹ̀ tí òyìnbó ń jọba lé lórí, láìsí pé ẹnikẹ́ni tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹbí wọn. Ó wà nílé aṣòfin Jámánì nígbà tí Jámánì gba Tógò ní 1884.

Ní oṣù kìíní ọdún 1902, bàbá ẹni 80 ọdún yìí fò sílẹ̀ nínú ọkọ̀ iná mànàmáná tó ń rìn lórí irin ní Berlin, egungun itan rẹ̀ sì kán. Kò gbádùn mọ́. Ó kú ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Ní 1906, ìlú Berlin ṣí ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, wọ́n sì kọ́ ọ sí Wedding, àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀rọ.