Johnson Méjì Lórí Àga Kan: Ìtàn Ìgbésí Ayé Lyndon Johnson

Ìtàn ẹni tí a mú wá fún yín lọ́tẹ̀ yìí ni ti Lyndon Baines Johnson, tó ṣe Ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti ọdún 1963 títí di 1969. Ìdí tí a fi mú un ni pé òfin tí ọkùnrin yìí fọwọ́ sí ló ṣílẹ̀kùn fún púpọ̀ nínú wa, bẹ́ẹ̀ ni a kì í sábà gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu wa.

Orúkọ Johnson kò kúkú ṣàjèjì sí Yorùbá. Àlùfáà Samuel Johnson ló kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí gbogbo wa ń tọ́ka sí dòní, Mobolaji Johnson sì ni gómìnà ológun àkọ́kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, láti 1967 dé 1975. Ọ̀nà Sàró ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ní Amẹ́ríkà, ó wà lára àwọn orúkọ ìdílé tó wọ́pọ̀ jùlọ, àti láàárín funfun àti láàárín dúdú. Johnson mẹ́ta ló ti jẹ Igbákejì Ààrẹ níbẹ̀, wọn kì í sì í ṣe ẹbí ara wọn. Èkíní ni Richard Mentor Johnson láti Kentucky, tó wà nípò náà láti 1837 sí 1841. Òun ló fi Julia Chinn, ẹrúbìnrin rẹ̀, ṣe aya ní gbangba, tó bí ọmọbìnrin méjì fún un, tí àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń bú u nítorí pé kò fi í pamọ́. Ìtàn tirẹ̀ tó ohun tí à ń kọ lọ́tọ̀. Èkejì ni Andrew, ẹ̀kẹta sì ni Lyndon. Àwọn méjì wọ̀nyí ló gorí àga Ààrẹ, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì gbà débẹ̀: wọ́n yìnbọn pa ọ̀gá wọn.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tí Lyndon ṣe, ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí Andrew ṣe. Ọmọ tálákà ni Andrew Johnson. Raleigh ní North Carolina ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 29 oṣù kejìlá ọdún 1808. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì kéré, wọ́n fi í kọ́ṣẹ́ aránṣọ, kò sì fi ẹsẹ̀ kan ilé ìwé rí. Ìyàwó rẹ̀, Eliza, ló ràn án lọ́wọ́ tí ìwé kíkọ rẹ̀ fi já gaara. Láti ilé iṣẹ́ aránṣọ rẹ̀ ní Greeneville, Tennessee, ó gun òkè nínú ìṣèlú títí ó fi di gómìnà, tó sì wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà. Nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù ya kúrò lára Amẹ́ríkà nítorí ọ̀rọ̀ ẹrú, òun nìkan ni aṣòfin àgbà láti ìpínlẹ̀ tó ya náà tí kò fi àga rẹ̀ sílẹ̀. Ìgboyà ńlá nìyẹn, a kò sì ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí èyí ni Abraham Lincoln ṣe mú un ní igbákejì ní 1864. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méje tó búra tí wọ́n fi pa Lincoln.

Nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin ènìyàn dúdú ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú lásìkò náà, ojú Andrew Johnson ni wọ́n sì ń wò. Ó já wọn jù sílẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín fún wọn, ó ní kí wọ́n dá a padà fún àwọn olówó ẹrú àtijọ́. Ní 1866 ó kọ̀ láti fọwọ́ sí òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú fún wọn, àfi ìgbà tí àwọn aṣòfin fi ìbò borí rẹ̀. Ó tún gbógun ti Àtúnṣe Kẹrìnlá sí ìwé òfin ilẹ̀ náà, èyí tó wọlé ní 1868 tó sọ pé ẹni tí a bá bí sórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọmọ Amẹ́ríkà ni. Ẹ̀yin òbí tí ẹ bímọ síhìn-ín, tí ẹ sì gba ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà fún ọmọ yín, ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ Johnson yìí kàn wá? Lọ́dún 1868 náà ni wọ́n gbé e lọ síwájú ilé aṣòfin àgbà láti yọ ọ́ nípò, ìbò kan ṣoṣo ló sì yọ ọ́. Nígbà tó kú ní 1875, àsíá Amẹ́ríkà ni wọ́n fi wé òkú rẹ̀, wọ́n sì fi ìwé òfin ilẹ̀ náà ṣe ìrọ̀rí fún un.

Ọgọ́rùn-ún ọdún dín oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n bí Andrew ni wọ́n bí Lyndon, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1908, ní ẹ̀bá odò Pedernales nítòsí Stonewall ní Texas. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọ márùn-ún. Bàbá rẹ̀, Sam, jẹ́ aṣòfin ní Texas, ṣùgbọ́n gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ìdílé náà sì mọ ojú ìṣẹ́. Ní agbègbè wọn, fìtílà ni wọ́n ń tàn, odò tàbí kànga ni àwọn obìnrin ti ń fi garawa pọn omi. Ẹni tó bá ti gbé abúlé rí yóò mọ irú ayé tó jẹ́.

Nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní San Marcos, owó tán lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá lọ ṣe tíṣà fún ọdún kan ní Cotulla, lápá Gúúsù Texas, láàárín 1928 sí 1929. Ọmọ àwọn ará Mẹ́síkò ló ń kọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í jẹun wá sílé ìwé. Ó fi nínú owó oṣù rẹ̀ ra ohun eré ìdárayá fún wọn. Ọdún mẹ́tàdínlógójì lẹ́yìn náà, nígbà tó dúró níwájú gbogbo aṣòfin láti bèèrè òfin ìbò fún ènìyàn dúdú, àwọn ọmọ Cotulla wọ̀nyí ló dárúkọ. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ òṣèlú lásán ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lójú tiwa, ẹni tó ti rí ọmọ tí ebi ń pa níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́ kò lè tètè gbàgbé.

Ó dé Washington ní 1931 gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé aṣòfin kan, ó fẹ́ Claudia Taylor tí gbogbo ayé ń pè ní Lady Bird ní 1934, ó sì wọ ilé aṣojú-ṣòfin ní 1937 lẹ́ni ọdún 28. Ohun tó kọ́kọ́ fi gbà ọkàn àwọn ará ilé ni iná mànàmáná. Òun ló sáré kiri títí ìjọba Roosevelt fi gbà láti yá wọn lówó, tí iná fi dé àwọn oko ìgbèríko náà.

Ìtàn ìbò ọdún 1948 kò ṣeé fò. Johnson ń du ipò aṣòfin àgbà pẹ̀lú Coke Stevenson, gómìnà Texas tẹ́lẹ̀, nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Democrat. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan ènìyàn tó dìbò. Wọ́n kà á, ó dà bí ẹni pé Stevenson ló wọlé. Lọ́jọ́ kẹfà lẹ́yìn ìdìbò ni àpótí kẹtàlá láti ìlú Alice bá pọ ìbò 202 tuntun jáde. 200 nínú rẹ̀ jẹ́ ti Johnson. Àwọn tó rí ìwé náà ní àwọn orúkọ tó gbẹ̀yìn tò bí lẹ́tà a-b-d ṣe tò, ọwọ́ kan náà ló kọ wọ́n, yíǹkì kan náà ni. Ìbò 87 ni Johnson fi wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ nípa ìdìbò Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ní 1965, ẹ kò ní ṣe wá ni háà. Ohun tó ya àwa lẹ́nu ni pé láìsí ojóoro àpótí kẹtàlá yìí, bóyá ni òfin tí a ó sọ nísàlẹ̀ yìí ì bá rí ẹni gbé e dé ibi tó dé.

Nígbà tó wọlé tán, ó di olórí àwọn Democrat níbẹ̀ ní 1953, ó sì di olórí ọ̀pọ̀ ìjókòó ní 1955. Ọkùnrin gíga ni, tí yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gorí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, yóò di ẹni náà ní apá mú, yóò bẹ̀ ẹ́, yóò dẹ́rù bà á, yóò ṣàwàdà, kò sì ní jẹ́ kó lọ títí yóò fi gbà. Ó mọ ohun tí aṣòfin kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ àti ohun tó ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí á tàn yín jẹ. Fún ogún ọdún, láti 1937 dé 1957, gbogbo òfin tí wọ́n gbé wá láti dáàbò bo ènìyàn dúdú ni Lyndon Johnson dìbò takò, títí kan èyí tó fẹ́ dá pípa ènìyàn dúdú láìjẹ́bi sórí igi dúró. Texas ló ń dìbò fún un, ó sì mọ ohun tí Texas ń fẹ́. Òfin ọdún 1957 tó padà gbé kọjá, kò fi bẹ́ẹ̀ ní eyín.

Ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 1963 ni wọ́n pa John Kennedy ní Dallas. Inú ọkọ̀ òfuurufú Ààrẹ ni Johnson ti búra, Lady Bird wà lápá kan, ìyàwó olóògbé wà lápá kejì pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀ lára aṣọ. Ìwé òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú tí Kennedy ti gbé wá wà nílẹ̀ tí kò lè rìn. Ẹ rántí pé Johnson mìíràn ti bá ara rẹ̀ ní irú ibi yìí ní 1865. Ènìyàn Gúúsù ni àwọn méjèèjì, àwọn òyìnbó Gúúsù sì rò pé èyí náà yóò ṣe bíi ti àkọ́kọ́.

Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Richard Russell láti Georgia, tó dà bíi bàbá fún un nínú ìṣèlú, ló kó àwọn alátakò jọ, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ sísọ dí ilé aṣòfin àgbà lọ́nà fún oṣù bíi mélòó kan. Johnson ò gbà. Ó ń tẹ aago sí àwọn aṣòfin lọ́sàn-án lóru, ó sì rọ Everett Dirksen, olórí ẹgbẹ́ Republican níbẹ̀, títí tó fi dara pọ̀ mọ́ ọn. Ìbò 71 sí 29 ni wọ́n fi pa ẹnu àwọn alátakò mọ́, ó sì fọwọ́ sí òfin náà ní ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 1964. Láti ìgbà náà ni ilé oúnjẹ, òtẹ́ẹ̀lì àti ibi iṣẹ́ kò ti lẹ́tọ̀ọ́ láti lé ènìyàn dúdú padà nítorí àwọ̀. Lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́pàá na àwọn tó ń wọ́de ní Selma nínàkunà ní oṣù kẹta ọdún 1965, ó béèrè òfin ìbò, ó sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ.

Oṣù méjì lẹ́yìn èyí ni tiwa dé. Láti 1924, ìpín ni wọ́n fi ń gba àlejò sí Amẹ́ríkà, àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì, Ireland àti Jámánì ló sì ń kó èyí tó pọ̀ jùlọ. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ́dún ni wọ́n ń yọ̀ǹda fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Àwọn èèyàn wa tó ń wá nígbà náà, akẹ́kọ̀ọ́ ni púpọ̀ nínú wọn, wọ́n á kàwé tán wọ́n á padà sílé. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 1965, ní ìdí ère Òmìnira ní New York, Johnson fọwọ́ sí òfin tó fagi lé ìpín náà, tó sì fi ẹbí àti iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ṣe òṣùwọ̀n. Òun fúnra rẹ̀ sọ lọ́jọ́ náà pé kì í ṣe òfin tí yóò yí nǹkan padà lọ títí. Ó ṣì í. Nọ́ọ̀sì, dókítà, ẹnjiníà, ìyàwó tó wá bá ọkọ, ọmọ tó wá bá ìyá, ẹnu ọ̀nà yẹn ni wọ́n gbà wọlé. Físà lọ́tìrì tí àwọn mìíràn gbà wá, òfin ọdún 1990 ló mú ìyẹn wá.

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ nìyí. Àwọn aṣòfin tó ti dìbò pé kí wọ́n má ṣe fi àwọ̀ dá ènìyàn dúdú dúró lẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì, kò rọrùn fún wọn mọ́ láti fi ìlú tí wọ́n ti bí ènìyàn dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ìjàkadì àwọn tó wọ́de ní Birmingham àti Selma ni tiwa tẹ̀ lé. Síbẹ̀ àwọn kan nínú wa a máa pe ọmọ wọn ní akátá, wọ́n á sì máa kìlọ̀ fún ọmọ tiwọn pé kó má bá wọn rìn. Ìwà yìí kò dára, a sì ti ń sọ ọ́ nípàdé kò tíì tó.

Ogun Vietnam ló ba ti Johnson jẹ́. Ó bá nǹkan bíi 16,000 ọmọ ogun Amẹ́ríkà níbẹ̀ ní 1963. Nígbà tó fi di 1968, wọ́n ti lé ní 500,000. Ó ń sọ fún ará ìlú pé ogun ń dára sí i, bẹ́ẹ̀ pósí ọmọ ọlọ́mọ ń padà wálé. Owó tí ì bá fi gbógun ti ìṣẹ́, ogun kó o lọ. Àwọn èwe tó yẹ kó máa yìn ín dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, wọ́n ń bú u. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1968, ó kéde pé òun kò ní du ipò náà mọ́. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn èyí ni wọ́n pa Martin Luther King, Johnson sì fi ìbànújẹ́ ọ̀sẹ̀ náà ti òfin ilé gbígbé kọjá. Kí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ má gbójú fo àwọn tó kú ní Vietnam, kí àwọn tó kórìíra rẹ̀ náà má sì pa ti Thurgood Marshall rẹ́, ẹni tó fi ṣe adájọ́ dúdú àkọ́kọ́ ní ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní 1967.

Ó padà sí oko rẹ̀ ní Texas, ó jẹ́ kí irun rẹ̀ gùn dé ọrùn, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í mu sìgá tí dókítà ti lé e kúrò nídìí rẹ̀ láti 1955 tí àrùn ọkàn kọ́kọ́ kọlù ú. Ní oṣù kejìlá ọdún 1972, wọ́n pe ìpàdé lórí ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú ní ilé ìkàwé rẹ̀ ní Austin. Yìnyín bo ọ̀nà, àwọn dókítà ní kó má lọ. Ó lọ. Ó dìde sọ̀rọ̀, ó sì fi oògùn ọkàn sẹ́nu lójú gbogbo ènìyàn kó tó lè parí rẹ̀. Ohun tó sọ ni pé iṣẹ́ tí òun ṣe fún ènìyàn dúdú kò tíì tó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 22 oṣù kìíní ọdún 1973, ó kú ní oko náà lẹ́ni ọdún 64. Wọ́n sin ín sí itẹ́ ìdílé wọn lẹ́bàá Pedernales, nítòsí ibi tí wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 25. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìsìnkú ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láti dá ogun Vietnam dúró ní Paris.