Tolkien Nínú Bárékè: Ọdún Méjì Tí A Kì Í Sábà Sọ

Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ J. R. R. Tolkien gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ The Lord of the Rings. Àwọn tí kò ka ìwé náà ti wo fíìmù rẹ̀. Àwa ọmọ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè tún máa ń fi yangàn pé ara wa ni, torí onímọ̀ èdè ni kó tó di òǹkọ̀wé. Tí ọ̀rọ̀ ogun tó jà bá délẹ̀, ojú ogun Somme nílẹ̀ Faransé ni gbogbo ènìyàn máa ń tọ́ka sí. Ọdún méjì tó tẹ̀ lé e ni èmi fẹ́ sọ, èyí tó lò nínú bárékè àti ilé ìwòsàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ló sì san púpọ̀ nínú owó rẹ̀.

Ọmọ òrukàn ni. Bloemfontein ní South Africa ni wọ́n ti bí i lọ́jọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 1892. Bàbá rẹ̀ kú ní 1896, ìyá rẹ̀ kú ní 1904. Àlùfáà Kátólíìkì kan, Fadá Francis Morgan, ló di alágbàtọ́ òun àti àbúrò rẹ̀, Hilary. Nínú ilé tí wọ́n gbà wọ̀ ní Birmingham ló ti pàdé Edith Bratt, tí òun náà jẹ́ ọmọ òrukàn. Ọmọ ọdún 16 ni Tolkien, Edith jẹ́ 19. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí Fadá, ó ní kò gbọdọ̀ kọ lẹ́tà sí ọmọbìnrin náà mọ́ títí yóò fi pé ọmọ ọdún 21. Tolkien sì gbọ́ràn! Ta ni nínú wa ló lè ṣe é? Lọ́jọ́ tó pé 21 gan-an ló kọ lẹ́tà. Edith ti gba òrùka lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó sì dá a padà. Wọ́n ṣègbéyàwó ní Warwick lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1916, nígbà tí ọkọ ti di ọ̀gá kékeré nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Lancashire Fusiliers. Oṣù mẹ́ta kò tíì pé tí wọ́n fi kó o lọ sí Faransé.

Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni fífi àmì ránṣẹ́: àsíá, iná, tẹlifóònù, àní ẹyẹlé pàápàá. Wọn kì í jẹ́ kí ọmọ ogun sọ ibi tó wà nínú lẹ́tà, nítorí náà òun àti Edith ti dá ọgbọ́n kan: yóò máa to àmì kékeré sínú lẹ́tà, Edith yóò sì máa wo ibi tó wà lórí máàpù. Ní ìparí oṣù Kẹwàá ọdún 1916, ibà tí iná inú aṣọ máa ń kó ran àwọn ọmọ ogun mú un, wọ́n sì dá a padà sílé. Méjì nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, Rob Gilson àti G. B. Smith, kò padà wálé.

Ní abúlé Great Haywood, lọ́dọ̀ Edith, ló ti bẹ̀rẹ̀ The Book of Lost Tales. Edith ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ da ọ̀kan nínú àwọn ìtàn náà kọ ní mímọ́, ní oṣù Kejì ọdún 1917.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n rán an lọ sí etíkun Yorkshire, pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun tó ń ṣọ́ agbègbè odò Humber kí ọ̀tá má baà gba ibẹ̀ wọlé. Bí ara rẹ̀ bá yá díẹ̀, wọ́n á dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí ibà bá tún dé, ó di ilé ìwòsàn. Àwọn dókítà ológun a máa pè é láti wò ó bóyá ó ti tó í padà sójú ogun. Edith àti ìbátan rẹ̀ kan tó jù ú lọ, Jennie Grove, ń tẹ̀ lé e kiri, wọ́n ń gba yàrá níbi tó bá wà: Hornsea, ẹ̀yìn náà ibòmíràn. Nínú igbó kan nítòsí Roos, tí òdòdó funfun kún inú rẹ̀, Edith jó fún un. Inú ijó yẹn ni ìtàn Beren àti Lúthien ti jáde. Nígbà tí Edith kú ní 1971, ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n kọ Lúthien sára òkúta ibojì rẹ̀.

Èdè ńkọ́? Ó ti bẹ̀rẹ̀ Qenya ní 1915. Ní 1917 ló kó ọ̀rọ̀ èdè kejì, Gnomish, jọ. Ìyá kan náà ló ní kí ó bí èdè méjèèjì, ó sì ń fi ìyípadà ìró ya wọ́n sọ́tọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń fi ìró tọpa Yorùbá, Ìtsẹkírì àti Ígálà dé orísun kan ṣoṣo. Ẹni tó ń ṣe èyí ń ṣọ́ etíkun lọ́wọ́ o!

Nígbà tí oyún Edith wọ oṣù rẹ̀, ó padà sí Cheltenham. Lọ́jọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 1917 ló bí John, àkọ́bí wọn. Ìrọbí náà le, díẹ̀ ló kù kí Edith kú, ọkọ rẹ̀ sì wà lọ́nà jíjìn. Tolkien ta ìwọ̀nba ìpín ìdókòwò tó kù nínú ogún rẹ̀ láti fi san owó ìtọ́jú. Fadá Francis, ẹni tó ti pín wọn níyà rí, ló wá ṣe ìrìbọmi fún ọmọ.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1918, ẹgbẹ́ tí Tolkien bá jagun ní Faransé fẹ́rẹ̀ẹ́ parun tán níbi odò Aisne. Ibà ló yọ ọ́. Nígbà tó tún wà lórí ibùsùn ní Hull, ó ń kọ́ èdè Rọ́ṣíà. Edith fi lẹ́tà ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ pé bó ṣe sùn tó láti ìgbà tó ti dé, kò yẹ kó tún rẹ̀ ẹ́ láyé mọ́. Ó ti sú obìnrin náà. Pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, kò tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀. Ó ní òun kò kó ẹrù kiri mọ́.

Nígbà tí ogun parí, Tolkien gba àyè láti lọ sí Oxford, ó sì ríṣẹ́ níbi ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ńlá, Oxford English Dictionary. Ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà W ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́: walrus, wampum àti àwọn mìíràn. Edith kó wá pẹ̀lú John, wọ́n gba yàrá ní òpópónà St John, Jennie Grove náà sì bá wọn wá.