Colin Chapman

Anthony Colin Bruce Chapman (ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 1928 – ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 1982) jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ àti oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun sì ni ó dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Lotus sílẹ̀. Ó gbajúmọ̀ fún bí ó ṣe ń mú kí ọkọ̀ fúyẹ́, àti bí ó ṣe ń to ẹsẹ̀ ọkọ̀, èyíinì ni sípíríǹgì, ṣọ́kì àti àwọn apá irin tó di táyà mú, débi tí ọkọ̀ kékeré fi ń borí ọkọ̀ alágbára ní kọ́nà. Láàárín ọdún 1963 sí 1978, Lotus gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé Formula One ti àwọn olùṣe ọkọ̀ ní ìgbà méje, àwọn awakọ̀ rẹ̀ sì gba ti awakọ̀ ní ìgbà mẹ́fà. Lotus Seven, ọkọ̀ rẹ̀ ti ọdún 1957, wà lára àwọn ọkọ̀ eré ìje tí àwọn ènìyàn ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ jù lọ ní àgbáyé.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́

Richmond ní ìpínlẹ̀ Surrey ni wọ́n ti bí Chapman, ṣùgbọ́n Hornsey ní àríwá Lọ́ńdọ́nù ni ó dàgbà sí, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe àkóso hòtẹ́ẹ̀lì kan. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìmọ̀ ẹ̀rọ ilé àti afárá kíkọ́ ní University College London, ibẹ̀ náà ni ó sì ti kọ́ bí a ṣe ń wa ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ̀kọ́ méjèèjì yìí ni ó di ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀: afárá kọ́ ọ bí ẹrù ṣe ń gba inú irin kọjá, bàálù sì kọ́ ọ pé ìwọ̀n tí kò wúlò jẹ́ ìdíwọ́.

Nígbà tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́, ó ń ra ọkọ̀ àlòkù, ó sì ń tún un tà. Òwò náà dẹnu kọlẹ̀ ní ìparí ọdún 1947 nígbà tí ìjọba dáwọ́ ìpín epo bẹntiróòlù fún àwọn aráàlú dúró. Austin Seven ògbólógbòó kan tí kò rí tà ni ó tú palẹ̀, tí ó sì sọ di ọkọ̀ Lotus àkọ́kọ́ ní ọdún 1948. Ní ọdún 1952 ni ó dá Lotus Engineering sílẹ̀ nínú ilé ẹṣin àtijọ́ tó wà lẹ́yìn hòtẹ́ẹ̀lì bàbá rẹ̀, pẹ̀lú owó díẹ̀ tí ó yá lọ́wọ́ Hazel Williams, ẹni tí ó fi ṣe aya ní ọdún 1954.

Ìlànà rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ ọkọ̀

Kí Chapman tó dé, ọ̀pọ̀ olùṣe ọkọ̀ ìje gbà pé sípíríǹgì líle ni ó yẹ ọkọ̀ tó ń sáré. Férémù wọn kò sì le tó, nítorí náà férémù fúnra rẹ̀ máa ń yí, tí yóò sì da ìdúró táyà rú. Chapman yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ó mú kí férémù le gan-an, ó fi sípíríǹgì rírọ̀ sí i, ó sì fi ṣọ́kì tó péye kó sípíríǹgì náà níjàánu. Báyìí ni táyà ṣe ń tẹ̀ lé gbogbo gegele-gòdògbà ojú ọ̀nà láìfò sókè.

Ní ọdún 1956, ilé-iṣẹ́ Vanwall pè é láti tún férémù àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn ṣe. Vanwall kan náà gbé e sínú ọkọ̀ fún ìdíje ilẹ̀ Faransé ní Reims lọ́dún náà, ṣùgbọ́n ó forí sọ Mike Hawthorn tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà nígbà ìdánrawò, kò sì bá wọn bẹ̀rẹ̀ ìdíje. Ní ọdún 1958, Vanwall ni ó kọ́kọ́ gba ife-ẹ̀yẹ àwọn olùṣe ọkọ̀.

Lotus Seven àti àwọn ẹ̀dà rẹ̀

Lotus Seven kò ní ju ohun tí awakọ̀ nílò lọ. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bí 500 kg lọ, ẹ́ńjìnnì Ford kékeré ni àkọ́kọ́ rẹ̀ sì ń lò. Ní iwájú, irin tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ kan ní kọ́nà náà ni Chapman fi ṣe apá kan lára ohun tó di táyà mú lókè. Irin kan ń ṣe iṣẹ́ méjì. Wọ́n máa ń tà á ní ẹyọ-ẹyọ kí olùrà lè tò ó fúnra rẹ̀, èyí tí ó dín owó-orí rẹ̀ kù. Ní ọdún 1973, Caterham Cars gba ẹ̀tọ́ láti máa ṣe é. Westfield àti Donkervoort náà ṣe irú rẹ̀, nígbà tí ìwé Ron Champion tó jáde ní ọdún 1996 kọ́ àwọn ènìyàn láti kàn án nílé ara wọn.

Àwọn tó ní irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ń gbé e lọ sí pápá ìje, ṣì ń tẹ̀ lé ìlànà Chapman. Wọ́n máa ń wọn ẹrù tó wà lórí táyà kọ̀ọ̀kan nígbà tí awakọ̀ jókòó sínú ọkọ̀, wọn yóò sì yí ìdí sípíríǹgì títí ẹrù igun sí igun yóò fi bára dọ́gba. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń wo bí táyà ṣe dagun àti ibi tí ó kọjú sí. Bí iwájú ọkọ̀ bá ń yọ̀ jáde ní kọ́nà, wọn a dẹ irin iwájú tó ń dènà ìfẹ̀gbẹ́, tàbí kí wọ́n mú ti ẹ̀yìn le sí i. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ni ó ń yọ̀, wọn a ṣe òdìkejì rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n lè mọ ohun tó fa ìyàtọ̀. Ẹni tó bá kó sípíríǹgì líle sábẹ́ ọkọ̀ fífúyẹ́ yóò rí i pé ọkọ̀ náà ń ta pọ́ún-pọ́ún, táyà kò sì ní di ilẹ̀ mú mọ́.

Formula One

Lotus 25 ti ọdún 1962 fi ara ọkọ̀ rọ́pò férémù onírin, Jim Clark sì fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní ọdún 1963. Ó tún gbà á ní 1965, ọdún tí ó borí ní Indianapolis. Nínú Lotus 49 ti ọdún 1967, ẹ́ńjìnnì Cosworth fúnra rẹ̀ ni ó gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ ró. Graham Hill gba ife-ẹ̀yẹ ní 1968, Emerson Fittipaldi gbà á ní 1972 pẹ̀lú Lotus 72.

Lotus 79 ni Mario Andretti fi gbà á ní ọdún 1978. Afẹ́fẹ́ abẹ́ ọkọ̀ yìí ni ó ń fà á mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìfàmọ́lẹ̀ yìí ń béèrè sípíríǹgì líle, èyí tí ó tako ìlànà Chapman àtijọ́. Ìdáhùn rẹ̀ ni Lotus 88 ti ọdún 1981, tí ó ní férémù méjì: ọ̀kan ń gbé agbára afẹ́fẹ́ lọ sórí táyà tààrà, èkejì sì gbé awakọ̀ lórí sípíríǹgì rírọ̀. Àwọn aláṣẹ kò gbà á láàyè.

Àríyànjiyàn

Ìfúyẹ́ ọkọ̀ Lotus ní iye tí wọ́n san fún un. Ní ọdún 1960, ẹsẹ̀ Stirling Moss méjèèjì ṣẹ́ ní Spa nígbà tí táyà ẹ̀yìn Lotus rẹ̀ já. Clark kú ní Hockenheim ní ọdún 1968. Ní 1969, ìyẹ́ orí ọkọ̀ Hill àti ti Jochen Rindt já nínú ìdíje kan náà ní Barcelona, Rindt sì kọ̀wé sí Chapman pé ọkọ̀ rẹ̀ kò lágbára tó. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1970, ọ̀pá bíréèkì iwájú Lotus 72 ṣẹ́ ní Monza, Rindt sì kú. Òun nìkan ṣoṣo ni ó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé náà lẹ́yìn ikú. Ronnie Peterson náà kú ní 1978 lẹ́yìn ìjàǹbá ní Monza.

Lotus tún ṣe iṣẹ́ lórí férémù ọkọ̀ DeLorean. Owó tí ó pòórá nínú iṣẹ́ náà dá awuyewuye sílẹ̀. Fred Bushell tó ń bójú tó ìnáwó Lotus ṣẹ̀wọ̀n ní ọdún 1992, ṣùgbọ́n Chapman ti kú kí ọ̀rọ̀ náà tó dé ilé-ẹjọ́.

Ikú àti ogún rẹ̀

Àìsàn ọkàn ni ó pa Chapman lójijì ní Norfolk, nígbà tí ó wà ní ẹni ọdún 54. Ní ìgbà ikú rẹ̀, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Lotus ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí. Ní ọdún 1987, Ayrton Senna fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, Lotus 99T, borí ní Monaco àti Detroit.