Umaru Musa Yar'Adua: Ẹni tí ẹnu ayé sin kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé



Àwa tí à ń gbé ní Yewa, láti Ìlaròó dé Ayétòrò, mọ ẹrù tó gba ọwọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù kọjá yàtọ̀ sí ẹrù fàyàwọ́ tó gba inú igbó wọlé. Ìròyìn náà ní fàyàwọ́ tirẹ̀. Ìtàn ẹni tí a mú wá lóṣù yìí yóò fi èyí hàn wá.

Ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 1951 ni wọ́n bí Umaru Musa Yar'Adua ní ìlú Katsina. Bàbá rẹ̀ ṣe mínísítà fún ọ̀rọ̀ Èkó nígbà ìjọba alágbádá àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Shehu, ló ṣe igbákejì Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ láti ọdún 1976 sí 1979. Ṣùgbọ́n Umaru kò ṣe iṣẹ́ ológun. Ó kọ́ ìmọ̀ kẹ́mísìrì ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, ó sì ṣe olùkọ́ fún ọdún púpọ̀. Lọ́dún 1999, ó di gómìnà Katsina, ó sì lo ọdún 8 níbẹ̀. Ó wà lára àwọn ìwọ̀nba olóṣèlú tó kéde ohun ìní wọn fún gbogbo ayé gbọ́.

Nígbà tó ń du ipò Ààrẹ, ọ̀rọ̀ nípa kíndìnrín rẹ̀ gba ìgboro kan. Ó pe àwọn tó ń ṣiyèméjì pé kí wọ́n wá bá òun gbá bọ́ọ̀lù squash. Ní oṣù kẹta ọdún 2007, wọ́n gbé e lọ sí Jámánì fún ìtọ́jú, kíá ni ariwo sì gbòde pé ó ti kú. Ní Abẹ́òkúta, olú ìlú ìpínlẹ̀ wa, ni Ọbásanjọ́ ti pè é lórí fóònù níwájú èrò ìpolongo, tí gbogbo wọn sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Òkú tí wọ́n kéde dáhùn. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n dìbò yàn án.

Nígbà tó jẹ́ Ààrẹ, ó dárí ji àwọn ọ̀dọ́ tó gbé ìbọn ní Niger Delta lọ́dún 2009. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún náà, ó lọ sí ilé ìwòsàn ní Jiddah. Dókítà rẹ̀ ṣàlàyé pé awọ tó bo ọkàn rẹ̀ ló wú. Kò kọ lẹ́tà sí àwọn aṣòfin pé kí igbákejì òun di iṣẹ́ mú. Nígbà tí wọ́n yan adájọ́ àgbà tuntun ní òpin ọdún, adájọ́ tó ń fi ipò sílẹ̀ ló búra fún un, nítorí Ààrẹ kò sí nílé. Nínú òfìfo yẹn ni ariwo ikú tún ti bẹ̀rẹ̀, títí BBC fi gbé ohùn rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ ní ọjọ́ 12 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010. Ó pé ọjọ́ 78 tó ti kúrò nílé kí àwọn aṣòfin tó sọ Goodluck Jonathan di adelé Ààrẹ. Yar'Adua padà dé lóru ọjọ́ 24 oṣù kejì. Ó jáde láyé ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún, ọmọ ọdún 58.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé ọ̀rọ̀ náà sórí òṣùwọ̀n. Ẹni tó sọ pé ó kú lọ́dún 2007 purọ́. Ó tún lo ọdún 3 àti oṣù 2 láyé. Ẹni tó ń sọ fún ìlú pé kò sí ohunkóhun náà kò sọ òótọ́. Àwọn méjèèjì ló jẹ̀bi.

Suratul Hujuraati pa á láṣẹ fún wa pé kí á wádìí ìròyìn kí á tó gbé e kiri. Sura yìí kan náà ló kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn fún wa. Ní ogun Uhud, irọ́ pé wọ́n ti pa Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) mú kí àwọn kan ju ohun ìjà sílẹ̀. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn kò di ohun rere nítorí pé ó jẹ́ òótọ́. Bí ara olórí bá rù, tí à ń fi rẹ́rìn-ín ní gáréèjì, ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n Imaamu Nawawi ka ọ̀nà 6 tí a fi lè sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn nítorí ohun tó tọ́, ìdáàbòbò àwọn ènìyàn sì wà nínú rẹ̀. Ara olórí, tirẹ̀ ni. Ipò rẹ̀, ti gbogbo wa ni, ohun ìfọkàntán sì ni. Nítorí náà, bíbéèrè pé ta ló ń ṣe iṣẹ́ ìlú lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ìbéèrè yìí ló bí àtúnṣe òfin ọdún 2010: bí Ààrẹ kò bá kọ lẹ́tà láàrin ọjọ́ 21, àwọn aṣòfin lè fún igbákejì rẹ̀ láṣẹ láti ṣe adelé.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa, bí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá tún dé orí fóònù yín, ẹ bi í pé ta ló rí i, níbo ló ti rí i, kí ni yóò ṣe ìlú láǹfààní. Bí kò bá ní ìdáhùn, ẹ má fi ẹnu yín ṣe ọ̀nà igbó fún un. Kí Ọlọ́hun forí jin Umaru, kí Ó sì ṣọ́ ahọ́n wa. Àmín.